Géèmù Tó Fakọ Yọ Jù Lọ ní Ọdún 2023

Lọ́dọọdún, bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, àwọn tó mọ̀ nípa géèmù orí ẹ̀rọ a máa yan èyí tó dára jù nínú àwọn tó jáde lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2023, ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní The Game Awards. Géèmù mẹ́fà ló du ipò kìíní: Alan Wake 2, Baldur's Gate 3, Marvel's Spider-Man 2, Resident Evil 4, Super Mario Bros. Wonder àti The Legend of Zelda: Tears of the Kingdom. Baldur's Gate 3, tí iléeṣẹ́ Larian ní orílẹ̀-èdè Belgium ṣe, ló gbégbá orókè.

N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ibi tí èmi ti wo ọdún náà ni ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní ọ̀nà Badore, ní Ajah, nígbà tí mo wà ní SS1. Géèmù tí wọ́n dé ládé ní Los Angeles kò wọ inú ẹ̀rọ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òmíràn ni tiwa, ó sì nídìí. Ìdí náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí, nítorí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́, ó kan àwọn olùkọ́ wa, ó sì kan àwọn òbí pẹ̀lú.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ló so gbogbo wa pọ̀. Bí ènìyàn bá ti Victoria Island ń bọ̀, yóò kọjá Lẹ́kí Phase 1, Jakande, Chevron, Ikota àti VGC kó tó kan bíríìjì Ajah. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí ni àwọn ẹsiteeti ńláńlá wà, níbi tí ọmọ kan ti lè ní PS5 tirẹ̀ nínú yàrá tó ń sùn. Bí ènìyàn bá yà kúrò lójú títì lọ sí Addo, Badore tàbí Langbasa, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ibẹ̀ kò ní ẹ̀rọ géèmù nílé. Ṣọ́ọ̀bù là ń lọ, a ó sì sanwó eré kọ̀ọ̀kan.

Ṣọ́ọ̀bù tiwa ní PS4 méjì, PS5 kan, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, bẹ́ńṣì mẹ́rin, fáànù kan, àti jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìn ilé. Ẹni tó ni í ni gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá. Lára ògiri, ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ òfin mẹ́ta: kò sí tẹ́tẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ aṣọ iléèwé wọlé, ẹni tó bá bú ìyá ẹlòmíì, owó rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá ti wo ayò ọlọ́pọ́n rí kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀. Ọ̀ta ń bẹ, ọ̀pẹ́ ń bẹ, òǹwòran tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi náà ń bẹ. Ẹni tí wọ́n bá nà a dìde, ẹni tó bá borí a jókòó de ẹlòmíì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ojú tẹlifíṣọ̀n ni ọpọ́n wa, páàdì sì rọ́pò ọmọ ayò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi débẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ní ọdún 2022, tí yunifásítì ìjọba wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ nítorí ìyanṣẹ́lódì, ó padà sílé, kò sì fẹ́ jókòó lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún páàdì ṣe fún Ọ̀gá. Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe páàdì tó ti pẹ́: ọwọ́ ò ní kàn án, agbábọ́ọ̀lù á máa dá rìn lọ bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Ẹ̀gbọ́n mi á tú páàdì náà palẹ̀, á fi sípíríìtì nù ún, á pààrọ̀ ohun tó ti jẹ, ara páàdì á sì yá. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mìíràn fi ń gbé tiwọn wá. Nígbà tí yunifásítì ṣí, òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń wá. Èmi máa ń bá a lọ ní ọjọ́ Sátidé, Ọ̀gá sì fún mi níṣẹ́: èmi ni mo ń kọ ìwé. Ẹni tó kàn, ẹni tó ti san, ẹni tó jẹ gbèsè, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àjákọ mi.

Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ bí ọdún 2023 ṣe le tó. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ₦100 ni eré kan lórí PS4, ₦150 lórí PS5, ìṣẹ́jú mẹ́rin fún abala kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejì, wọ́n ń pààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun, náírà bẹ́pà sì di ohun àwátì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní owó ní báǹkì kò rí ₦100 mú wá. Ojú ìwé mi pọ́n fún gbèsè, nítorí bírò pupa ni mo fi ń kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan gbé ẹyin mẹ́ta wá láti fi san gbèsè eré méjì, Ọ̀gá sì gbà á.

Lẹ́yìn èyí ni ti epo dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí ìjọba tuntun wọlé, ìròyìn kàn pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó ₦200 ní Èkó di ₦488 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù keje, ó ti kọjá ₦560. Bàbá mi ń wa dánfó láti Ajah sí CMS. Wọ́n ní ilé epo ni àwọn ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, kì í ṣe ilé àwọn. Ní ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ tó ń jẹ epo ₦1,000 kó tó di alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tó ₦2,500. Ọ̀gá sọ eré PS4 di ₦150, ti PS5 di ₦250. Láàárín àsìkò kan náà, dọ́là kan tí kò tó ₦480 ní ọjà ìjọba kọjá ₦700 kí oṣù kẹfà tó parí, owó síìdì géèmù àti páàdì sì ń bá dọ́là rìn. Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, owó iléèwé ẹ̀gbọ́n mi náà gbéra sókè. Ó sọ fún bàbá wa pé òun yóò wá ìdajì rẹ̀ fúnra òun. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ṣọ́ọ̀bù bá tà, ìrètí wà fún iléèwé ẹ̀gbọ́n mi. Bí kò bá tà, ìrètí náà a dínkù.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn géèmù ọdún náà, nítorí òun ló sọ èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa àti èyí tí kò dé.

Zelda jáde ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ó sì tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lágbàáyé. Orí ẹ̀rọ Nintendo Switch nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, kò sì sí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ilé ọ̀rẹ́ mi kan, tó ń gbé ní ẹsiteeti kan lẹ́yìn Chevron, ni mo ti rí i. Nínú géèmù yìí, o lè fi pákó, àgbá ọkọ̀ àti ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ kan ohun tó bá wù ọ́. A kan ọkọ̀ ojú omi kan, ó dojú dé. A kan òmíràn, ó gbé wa kọjá odò. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Ilé rẹ̀ náà ni mo ti wo Baldur's Gate 3. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ a máa rántí ohun tí o ṣe fún wọn. Bí o bá purọ́ fún ẹnì kan lónìí, ó lè jáde sí ọ lọ́la. Mo rí ìdí tí wọ́n fi dé e ládé. Spider-Man 2 jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, ó sì tà ju mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ ní ọjọ́ kan péré. Ọ̀kan nínú àwọn akọni méjì tó wà nínú rẹ̀ ni Miles Morales, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Orí PS5 ló ń ṣiṣẹ́, a sì ní PS5.

Kí ló dé tí Ọ̀gá kò rà wọ́n? Ìṣirò ni. Géèmù tó gba ọgọ́rùn-ún wákàtí kò ṣeé tà ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò mú páàdì, àwọn yòókù yóò máa wò ó. Bí ó bá dìde, ẹni tó kàn yóò bá ìtàn ẹlòmíì nílẹ̀. Géèmù tó bá ṣọ́ọ̀bù mu gbọ́dọ̀ gba ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó tètè parí, kí ẹni tó bá pàdánù sì lè sọ pé òun ń bọ̀ wá gbẹ̀san. Ìdí nìyí tí Street Fighter 6, tó jáde ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí PS4, fi tà lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀ bọ́ọ̀lù ni ọba. Ìpele bọ́ọ̀lù sì ni ọdún náà ti yí padà fún èmi àti fún àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa.

Oṣù keje ni Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Australia àti New Zealand. Ọ̀gá tan tẹlifíṣọ̀n kan sí i láìgba owó. A wo bí aṣọ́lé wa, Chiamaka Nnadozie, ṣe mú pẹnáritì Christine Sinclair ti Canada. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, a pàdé Australia nílé wọn. Asisat Oshoala wọlé láti orí bẹ́ńṣì, ó gba góòlù kẹta wọlé, a sì borí pẹ̀lú 3 sí 2. Ariwo tó sọ ní ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ náà mú kí àwọn obìnrin tó ń dirun ní òdìkejì ọ̀nà fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, pẹnáritì ni England fi lé wa jáde. Nínú eré mẹ́rin tí a gbá, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni nà wá nínú rẹ̀ kó tó di pẹnáritì.

Géèmù tí a ní nígbà náà ni FIFA 23. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ti fi Ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin kún un lọ́fẹ̀ẹ́, Super Falcons sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ra dátà, ó gbé e sórí PS5. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin mẹ́rin tí n kò rí rí ní ṣọ́ọ̀bù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ irun dídì. Èkejì ń ta omi inú ọ̀rá ní abẹ́ bíríìjì. Wọ́n fẹ́ fi Nàìjíríà gbá. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ ọmọbìnrin wọ inú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí oníbàárà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ni EA Sports FC 24 jáde. Láti ọdún 1993 ni iléeṣẹ́ EA ti ń fi orúkọ FIFA pe géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀. Èyí ni àkọ́kọ́ tí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Erling Haaland ni wọ́n ya sí ẹ̀yìn rẹ̀. Liga F ti àwọn obìnrin ilẹ̀ Spain wà nínú rẹ̀, Oshoala sì ń gbá fún Barcelona nígbà náà. Ohun tó tún ya gbogbo ayé lẹ́nu ni pé ní abala tí wọ́n ń pè ní Ultimate Team, níbi tí ènìyàn ti ń kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, ọkùnrin àti obìnrin lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, wọ́n a túbọ̀ mọwọ́ ara wọn. Ìyẹn ni pé Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, lè gbá bọ́ọ̀lù fún Victor Osimhen, tó dàgbà ní Olúsosùn, kí wọ́n sì ran ara wọn lọ́wọ́ nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta síìdì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àpò ìrẹsì kan. Ọ̀gá ní ká mú sùúrù. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Langbasa kò mú sùúrù. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n rà á. Sátidé tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ náà, eré 61 ló wà nínú ìwé mi. Sátidé tó tẹ̀ lé e, 23 ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń ṣírò. Ọ̀gá ní ìdajì owó náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìdajì yòókù kún un láti inú owó iléèwé tó ti tọ́jú. Wọ́n ṣe àdéhùn pé Ọ̀gá yóò dá a padà díẹ̀díẹ̀ láti inú owó PS5, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí màmá mi lọ́jà Ajah, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé abọ́ ẹja wọn sọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo páàdì dúró.

Wọ́n ní, "Wọ́n sọ fún mi pé owó iléèwé ti di géèmù. Mo ní kí n wá wo bí ó ṣe rí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹ má bínú, mà." Màmá mi yíjú sí mi. "Àṣàkẹ́, ìwọ ńkọ́? Kí lò ń ṣe níbí?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé fún wọn. Màmá mi kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni wọ́n ti fi ń tajà, wọn kò sì kẹ̀rẹ̀ nínú ìṣirò. Mo ń kà á, wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ: eré tí a tà, epo tí a rà, gbèsè tó wà níta, iye tí Ọ̀gá ti dá padà lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n bi mí bóyá àwọn ọmọ ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Mo nawọ́ sí ògiri. Wọ́n bèèrè aago tí mo ń padà sílé. Mo ní aago méje kò bá mi níbẹ̀ rí, àwọn náà sì mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dá ìwé padà fún mi, ojú wọn lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá ló wà nídìí PS5. "Obìnrin ni àwọn wọ̀nyí?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ wo Oshoala, ọmọ Ìkòròdú." Màmá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ fún wọn pé Oshoala fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn òbí òun kò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù. Màmá mi ní, "Ta ló máa fẹ́ ẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ wọn. Ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn ni pé, "Ọjà tí a bá kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣòfò lójijì. Ẹ máa kọ ọ́. N óò tún wá wò ó." Wọ́n sì ń wá lóòótọ́, lọ́sẹ̀ méjì méjì, títí ọdún fi parí.

Láti oṣù kẹwàá ni Ọ̀gá ti ya PS5 sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin láti aago mẹ́wàá sí aago kan lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọkùnrin ráhùn. Ọ̀kan nínú wọn ní ká kúkú gbé ìkòkò àti orógùn wá. Ọmọbìnrin olómi yẹn ní kó jókòó kí àwọn jọ gbá a. Ọmọbìnrin náà mú Barcelona àwọn obìnrin, ọmọkùnrin náà mú Chelsea àwọn obìnrin. Eré parí ní 3 sí 1. Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́; òfin ṣọ́ọ̀bù náà ló tẹ̀ lé, ó dìde fún ẹni tó kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òun ló ń bẹ̀ mí pé kí n kọ orúkọ òun sí àkókò àwọn ọmọbìnrin, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò kò ti pọ̀. N kò kọ ọ́. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi parí, ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé mi.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí géèmù yìí kù sí, kí ó má bàa dà bí ẹni pé mo ń polówó fún un. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé tuntun jáde, ìyàtọ̀ tó wà láàárín tuntun àti ti àná sì lè má tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé nínú Ultimate Team yẹn, ènìyàn lè fi owó gidi ra àpò tí kò mọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀. Tẹ́tẹ́ ni èyí jọ lójú mi. Ilẹ̀ Belgium kà á sí tẹ́tẹ́ ní ọdún 2018, iléeṣẹ́ EA sì dá títa owó orí géèmù náà dúró níbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi káàdì báǹkì kankan ra nǹkan lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Owó ẹyọ tí a fi eré gbígbá kó jọ ló fi ra Oshoala, òun náà ló sì fi ra Osimhen lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní ẹ̀rọ nílé, ẹ wo ibi tí káàdì báǹkì yín wà.

Oṣù kejìlá dé. Ní The Game Awards, EA Sports FC 24 kò sí nínú àwọn mẹ́fà tó du ipò kìíní. Ìsọ̀rí eré ìdárayá àti eré ìsáré ọkọ̀ ni wọ́n fi sí, Forza Motorsport ló sì gba ibẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, wọ́n kéde ní ìlú Marrakech ní Morocco pé Victor Osimhen ni agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin tó dára jù ní Áfíríkà, Asisat Oshoala sì ni obìnrin tó dára jù. Ọ̀gá tan dátà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó gbé àwọn méjèèjì síwájú nínú ẹgbẹ́ kan náà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọbìnrin olómi jọ mú páàdì. Oshoala gbá a sílẹ̀, Osimhen gbá a wọlé. Bẹ́ńṣì kan ṣẹ́ nítorí ariwo.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo fa ìlà sábẹ́ gbèsè Ọ̀gá: ó ti dá gbogbo owó ẹ̀gbọ́n mi padà. Síbẹ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní kò tó ìdajì owó iléèwé gan-an. Ó kù díẹ̀. Màmá mi kó àjọ wọn ní ìparí ọdún, wọ́n fi kún un láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi san èyí tó kù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi padà sí iléèwé.

Ẹ̀yin òbí, n kò sọ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù géèmù ló dára. Àwọn kan wà tí tẹ́tẹ́ àti ìgbó mímu ti gbòde níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ wọlé lọ wò ó kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, bí màmá mi ti ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti kọ́ ìṣirò èrè àti gbèsè kí ó tó dé inú ìwé wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ nípa géèmù tó dára jù lọ́dún kan, ẹ bèèrè ẹni tó lè rà á, ẹni tí àyè gbà láti gbá a, àti iye ènìyàn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń dúró de ìyípo tiwọn.

Bí wọ́n bá fi èmi jẹ adájọ́, EA Sports FC 24 ni n óò dé ládé fún ọdún 2023. Àwòrán Spider-Man dán jù ú lọ, ọgbọ́n inú Baldur's Gate 3 sì jinlẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun ló kó ọmọ tálákà àti ọmọ olówó jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, òun ló mú ọmọbìnrin mẹ́rìnlá wọ ibi tí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń dúró wòran tẹ́lẹ̀, òun ló sì wà lára ohun tó dá ẹ̀gbọ́n mi padà sí iléèwé. Ìwé àjákọ mi ṣì wà nílé. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè wá ṣí i wò.